“Ẹ Jókòó, Ẹ Sinmi”: Ọ̀rọ̀ Àpọ́nlé Tí Ń Pa Àgbà Lára

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ṣe àjèjì létí àwọn kan nínú yín, nítorí ọ̀rọ̀ ìlera ni, èmi kì í sì í ṣe dókítà oníṣègùn. Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu wa bá ń ṣàkóbá fún ara wa, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ dákẹ́.

Gbólóhùn tí mo fẹ́ bá wí lónìí kúrú, ó sì dùn létí: “Ẹ jókòó, ẹ sinmi.” Àpọ́nlé ni, ìfẹ́ ló sì ń mú wa sọ ọ́. Èrò tèmi ni pé fún àgbàlagbà tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń ṣàìsàn láti ọjọ́ pípẹ́, tí eegun rẹ̀ sì ti di ẹlẹgẹ́, ìpalára ni gbólóhùn yìí jẹ́. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ni kí ó máa lo ara rẹ̀ ní ìwọ̀n, ní ìlànà, lábẹ́ àbójútó ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Bí a bá sì fẹ́ kí irú ìtọ́jú yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó nílò rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tó tọ́ fún un.

Èéfín tí a fi ọdún púpọ̀ fà símú

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lọ sí Bìní yóò kan Ifọ̀n, tí í ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni òpómúléró agbègbè náà: kòkó, ẹ̀gẹ́, iṣu, ọ̀pẹ. Ibi tí ẹ̀gẹ́ bá wà, gàrí yóò wà níbẹ̀; ibi tí wọ́n bá sì ti ń dín gàrí, obìnrin kan yóò wà nídìí agbada tí èéfín ń fẹ́ sí lójú. Kí epo pupa tó jáde, a ó se ẹyìn, igi ni a ó sì fi dáná rẹ̀. Ọmọdébìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ iná nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, bí ó bá fi máa pé ẹni ọgọ́ta ọdún, èéfín àádọ́ta ọdún ni ó ti fà símú.

Àwọn ọkùnrin náà ní tiwọn: sìgá àti tábà, eruku pákó níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, èéfín oko tí a dáná sun ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọyẹ́ a sì tún gbé eruku tirẹ̀ dé. Ikọ́ tíbì tí a ti wò sàn pàápàá lè fi àpá sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2021, àìsàn tí ń dí ọ̀nà èémí nínú ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní COPD, pa ènìyàn tó mílíọ̀nù 3.5 káàkiri ayé. Kì í ṣe àìsàn òyìnbó o. Nígbà tí àwọn oníwádìí wọn èémí àwọn àgbàlagbà tó ti lé ní ogójì ọdún ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n rí i pé ọ̀nà èémí dí lára nǹkan bí ẹni mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún.

Iṣẹ́ ẹ̀ka-èdè ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí, nítorí mo máa ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní agbègbè náà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ibi tí awẹ́ gbólóhùn bá parí sí ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń dánu dúró láti mí. Ìyá kan wà tí ìdánudúró tirẹ̀ kò tẹ̀lé gírámà rárá: a sọ ọ̀rọ̀-ìṣe, a dúró mí, kí ó tó mú àbọ̀ rẹ̀ wá. Ó ní “Mo dín”, ó mí, ó tún mí lẹ́ẹ̀kejì, ó wá ní “gàrí”. Gàrí náà ni ó sì dín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èémí ló ń pín gbólóhùn rẹ̀, kì í ṣe ìtumọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ kọdọrọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó ti gba ọmọ ọ̀dọ̀ fún un, wọ́n sì ti pàṣẹ pé Màmá kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun mọ́. Orí àga ni ó ń wà láti òwúrọ̀ di alẹ́, gbogbo ẹni tó bá sì ń kọjá a kí i pé, “Màmá, ẹ kú ìsinmi o.”

Kò sí ẹnìkan nínú àwọn ọmọ náà tí mo lè bá wí pé kò tọ́jú ìyá rẹ̀. Ohun tí a kọ́ wọn pé ó jẹ́ ìtọ́jú ni wọ́n ń ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ náà ni kí a bá wí.

Ohun tí ìjókòó ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ẹni tí èémí rẹ̀ kò délẹ̀ kì í fẹ́ rìn, nítorí bí ó bá rìn, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀rù yóò sì bà á. Bí kò bá rìn, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa joro. Iṣan tó ti joro kò mọ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn lò dáadáa mọ́, nítorí náà iṣẹ́ kékeré tí kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀ yóò wá máa gba èémí púpọ̀ sí i. Lọ́dún tó kọjá ó lè rìn dé ilé ìdáná. Lọ́dún yìí, ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ni agbára rẹ̀ mọ. Òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ yóò rò pé ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń burú sí i, wọn kò ní mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí a kò lò ń dá kún un.

Eegun náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé eegun dà bí òkúta, ṣùgbọ́n ohun alààyè ni, tó ń wó ara rẹ̀ tó sì ń tún ara rẹ̀ kọ́ lójoojúmọ́. Ní 1892, Julius Wolff, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, tẹ ìwé jáde tó fi ṣàlàyé pé bí a bá ṣe ń di ẹrù lé eegun ni yóò ṣe máa tún ara rẹ̀ tò. Àwọn tó ń lọ gbé ní òfúrufú jẹ́rìí sí èyí: níbi tí ara kò ti ní ìwúwo, eegun ìbàdí wọn a máa dín ní nǹkan bí ìdá kan sí ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ìyá tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò lọ sí òfúrufú, ṣùgbọ́n ẹrù tó yẹ kí eegun rẹ̀ máa gbé ti fò lọ.

Àwọn ohun mìíràn tún wà tó ń jẹ eegun irú aláìsàn bẹ́ẹ̀: ọjọ́ orí, nǹkan oṣù tó ti dáwọ́ dúró lára obìnrin, ara tó ti rù, àti oògùn kan. Prednisolone àti dexamethasone wà lára oògùn tí àwọn ènìyàn ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì láìrí dókítà, nítorí wọ́n tètè máa ń mú èémí já geere. Bí a bá fi ọjọ́ pípẹ́ gbé wọn mì, wọn a máa jẹ eegun bí ikán ti ń jẹ igi: òde yóò dúró, inú yóò sì ti ṣófo. Ẹni tó ti ń lò wọ́n fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ ṣàdédé dá wọn dúró o, nítorí ewu wà nínú ìyẹn náà. Kí ó lọ rí dókítà. Nígbà tí eegun ẹ̀yìn bá wá rún, ẹ̀yìn yóò tẹ̀, àyà yóò fún, ààyè tí ẹ̀dọ̀fóró fi ń gbòòrò yóò sì dín kù. Èémí tún kúrú sí i, ìjókòó tún gùn sí i. Báyìí ni àìsàn méjèèjì ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́, tí àwa náà sì ń fi “ẹ sinmi” ràn wọ́n lọ́wọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a gbà pé ìsinmi ni oògùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà òyìnbó pàápàá fi ń pàṣẹ ìsinmi fún àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró ń dà láàmú. Alvan Barach, dókítà ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ, ní 1952, pé kí a mú wọn rìn. Ní àwọn ọdún 1960, Thomas Petty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Denver gbé ètò kalẹ̀ fún un. Nígbà tó fi di ọdún 2015, àjọ Cochrane ti kó ìwádìí 65 jọ lórí ọ̀rọ̀ náà, aláìsàn 3,822 ló sì wà nínú wọn. Àwọn tó ṣe ìdárayá mí dáadáa ju àwọn tí kò ṣe é lọ, àárẹ̀ wọn dín kù, ọkàn wọn fúyẹ́, wọ́n sì lè rìn jìnnà sí i. Ẹ̀rí náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ pé kò tún sí ìdí láti máa ṣe irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ìdárayá kò lè tún ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ ṣe. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kọ́ iṣan láti fi èémí díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ní ti eegun, ó ń dín ìjoro rẹ̀ kù, ó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ fìdí múlẹ̀, nítorí ìṣubú ló sábà máa ń dá eegun ìbàdí àgbà. Kò gba ipò oògùn, oògùn náà kò sì lè gba ipò rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Àyẹ̀wò ló ń ṣáájú. Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, kí a kọ́kọ́ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò nítorí tíbì. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú tíbì ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn èyí, dókítà yóò yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kí ó tó fi aláìsàn lé oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì lọ́wọ́. Àwọn oníṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì láàárín wa: láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ wọn níṣẹ́. Oníṣẹ́ náà yóò ní kí aláìsàn rìn fún ìṣẹ́jú 6 ní ọ̀nà tó tẹ́jú, tó gùn tó mítà 30, kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀, kí ó sinmi nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Ibi tó bá rìn dé ni wọn yóò kọ sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ lẹ́yìn oṣù méjì bóyá ó ti tẹ̀ síwájú.

Ètò náà a máa tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ìrìn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò lè rìn ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ yóò rìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, yóò dúró, yóò sì tún rìn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lẹ́yìn ìrìn ni iṣẹ́ agbára: kí ó máa dìde lórí àga kí ó sì padà jókòó láìfi ọwọ́ tì í, kí ó di ògiri mú kí ó máa gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ó máa gbé ìgò omi ní ọwọ́ méjèèjì. Àga gíga ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àpótí tí a ń jókòó lé nídìí ààrò. Bí ó bá wá di ọjọ́ tó lè dìde lórí àpótí láìsí ìrànlọ́wọ́, kí ẹ jó fún un, nítorí iṣẹ́ ńlá ló ṣe.

Wọn yóò tún kọ́ ọ ní èémí mímí: kí ó fa afẹ́fẹ́ sí imú, kí ó sì rọra tú u síta láti ẹnu, kí ètè súnmọ́ra bí ti ẹni tó fẹ́ súfèé, kí ìtúsíta náà pẹ́ ju ìfàsínú lọ. Bí ó bá fẹ́ dìde tàbí gun àtẹ̀gùn, ìgbà tó bá ń tú èémí síta ni kí ó ṣe é.

Nítorí eegun ẹlẹgẹ́, àwọn èèwọ̀ kan wà. Kí ó má ṣe tẹ ẹ̀yìn ba síwájú láti gbé nǹkan nílẹ̀. Orúnkún ni kí ó tẹ̀. Kí ó má ṣe yí ìbàdí lójijì. Kí ó má ṣe ru ẹrù wíwúwo lórí. Ìgbálẹ̀ wa kúrú, ó sì ń mú ẹ̀yìn tẹ̀. Bí Màmá bá fẹ́ gbálẹ̀, ẹ so ìgbálẹ̀ náà mọ́ igi gígùn fún un, kí ó máa gbá a lóòró. Bí àyà bá ń dùn ún, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú sí i tàbí tí ó bá wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, kí ó dáwọ́ dúró kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

“Eré” kọ́

Mo ti dé orí ọ̀rọ̀ tèmi wàyí. Orúkọ tí a ń pe ohun tí mo ṣàlàyé yìí ní Yorùbá ni “eré ìdárayá”. Ẹ wo bí orúkọ náà ṣe ń ṣe wá lọ́ṣẹ́. Eré ni ọmọdé ń ṣe; eré ni a ń sá; eré ni a ń wò. Ta ni yóò sọ fún ìyá ẹni àádọ́rin ọdún ní Ifọ̀n pé kí ó wá ṣeré nítorí pé ikọ́ ń ṣe é? Yóò rò pé ẹ fi òun ṣẹ̀sín ni. Ọ̀rọ̀ kejì ni ó ní làákàyè: “ìdárayá”, ohun tó ń dá ara yá. Ẹ jẹ́ kí a ju “eré” nù nínú ọ̀rọ̀ ìwòsàn, kí a máa pè é ní “ìtọ́jú ìdárayá”. Nígbà náà ni yóò wà ní ẹgbẹ́ oògùn, kì í ṣe ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù.

Orúkọ àìsàn náà ń fẹ́ àtúnṣe. “Ikọ́ fée” ni àwọn kan ń pe ikọ́ tó ń súfèé láyà. Àwọn mìíràn ń fi orúkọ kan náà pe tíbì. Nítorí èyí, ìyá tí èéfín bà lẹ́dọ̀fóró jẹ́ a máa fi ara pamọ́, kí àwọn ará àdúgbò má baà sọ pé yóò kó ikọ́ ràn wọ́n. Ẹni tó ń fi ara pamọ́ kò ní bá ẹgbẹ́ jáde lọ rìn. “Àìsàn èéfín” ni èmi ì bá fẹ́ kí a máa pe èyí tí èéfín bá fà: orúkọ náà sọ ohun tó fà á, kò sì dójú ti ẹnikẹ́ni.

Ohun tí èdè wa ti ní sílẹ̀ náà pọ̀. Gunnar Borg, ará Sweden, ṣe òṣùwọ̀n kan, láti 0 dé 10, tí aláìsàn fi ń sọ bí èémí ṣe ń le fún un tó. Àgbàlagbà tí kò kàwé kò mọ ohun tí òǹkà 4 jẹ́ nínú èémí, ṣùgbọ́n ó mọ ìyàtọ̀ láàárín kí ènìyàn mí wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ó mí sókè sódò, kí ó mí hẹlẹhẹlẹ, àti kí ọ̀rọ̀ má lè jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mímí sókè sódò ni ibi tó yẹ kí ìdárayá gbé e dé; bí ó bá di hẹlẹhẹlẹ, kí ó rọra. Àwọn òyìnbó ní kí aláìsàn máa sọ̀rọ̀ bí ó ti ń rìn, kí a fi mọ̀ bóyá ó ti pọ̀ jù fún un. Ní tiwa, kí ó máa ki oríkì ara rẹ̀. Bí ó bá lè ki ìlà kan tán kí ó tó mí, ó wà ní ìwọ̀n. Bí èémí bá pín ọ̀rọ̀-ìṣe níyà kúrò lára àbọ̀ rẹ̀, kí ó dúró.

Èdè wo ni a ó fi kọ́ wọn? Àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ fúnra wọn, Ọ̀ghọ̀ ni wọ́n ń pe ìlú wọn. Ní Ìdóàní, ní Ọ̀sẹ́, àdúgbò kan wà tí wọ́n ti ń sọ Ìyáyù, èdè tó bá èdè Ẹ̀dó tan ju Yorùbá lọ. Ìwé pélébé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ kò wúlò fún àwọn àgbà wọ̀nyí. Yorùbá àjùmọ̀lò pàápàá kò ní ta sí etí gbogbo wọn bákan náà. Ẹnu ni kí a fi kọ́ wọn, ní ohùn tí wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ wọn sọ̀rọ̀.

Ta ni yóò ṣe é?

Àwọn kan yóò sọ pé àlá ni mo ń lá. Ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí ibà Lassa. Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ibà náà ti ń jà jù lọ ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti di ibi tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀ nítorí ìtọ́jú rẹ̀. Báwo ni a ṣe kọ́ ará oko nípa àìsàn tí orúkọ rẹ̀ ti ìlú kan ní Bọ̀rnó wá? Ọ̀rọ̀ ẹnu ni: ẹ bo oúnjẹ yín, ẹ má sá gàrí sí ẹ̀bá títì, ẹ má jẹ́ kí eku dé ibi tí ẹ ń kó oúnjẹ sí. Bí a bá lè sọ èyí fún wọn, a lè sọ fún wọn pé kí wọ́n dìde lórí àga nígbà mẹ́wàá.

Òmíràn yóò ní oògùn ni kí ìjọba pèsè. Òótọ́ ni, kí wọ́n pèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iléeṣẹ́ GSK kéde ní 2023 pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, a rí bí owó àwọn oògùn tí a ń fín sí ẹnu ṣe fò sókè kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àga onígi, ìgò omi méjì àti ọ̀nà tó tẹ́jú kò gba owó dọ́là. Ohun tó ń fẹ́ owó níbẹ̀ ni òṣìṣẹ́: kí a gba àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì sí i, kí wọ́n sì máa jáde láti Ọ̀wọ̀ lọ sí àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé ní Ọ̀sẹ́, kí wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀. Kí wọ́n kó àwọn aláìsàn jọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àìrìn pọ̀ ni ejò fi ń jìyà. Ìyá tí ojú ń tì láti rìn lóun nìkan yóò rìn bí mẹ́wàá irú rẹ̀ bá wà níbẹ̀.

Sí àwọn tó bá wí pé kò bá àṣà mu kí àgbà máa na ọwọ́ na ẹsẹ̀ ní gbangba, mo ní kí wọ́n lọ wo ọdún Ìgògò ní Ọ̀wọ̀ nínú oṣù kẹsàn-án. Nígbà ọdún náà, ẹnìkan kì í lu ìlù. Agogo ni wọ́n ń lù. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ yóò di irun, yóò wọ aṣọ bí obìnrin nítorí ìrántí Ọ̀rọ́nsẹ̀n, yóò sì jó la ìlú kọjá, tòun ti àwọn ìjòyè tó ti dàgbà. Kò sí ẹni tó jẹ́ sọ fún ọba pé kí ó jókòó kí ó sinmi. Àṣà wa kò fi ìgbà kan sọ pé ara tó níyì ni ara tó dúró sójú kan. Àwa ayé òde òní, tí a ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, ni a sọ ìjókòó di àpọ́nlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tí èémí ń dà láàmú, ẹ mú wọn lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ sì bi dókítà léèrè ìtọ́jú ìdárayá ní tààrà. Bí ẹ kò bá béèrè, ó lè má rántí. Bí ẹ bá gba ọmọ ọ̀dọ̀ fún Màmá, ẹ sọ fún ọmọ náà pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá Màmá rìn, kì í ṣe láti gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbé ààrò kúrò nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi kó àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàpèjúwe èémí ní ẹ̀ka-èdè ìlú yín jọ: ti Ọ̀wọ̀, ti Ifọ̀n, ti Àkókó, ti Èkìtì, ti Ìkálẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wọn, kí ẹ sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n lè di òṣùwọ̀n tí nọ́ọ̀sì kan yóò fi tọ́jú ìyá ẹnìkan.

Yorùbá ní ìkíni fún ohun gbogbo. A ní “ẹ kú ìsinmi”, a sì ní “ẹ kú ìrìn”. Ẹni tí a bá sọ nípa rẹ̀ pé “ó ti sinmi”, a mọ ibi tó lọ. Bí ẹ bá rí ìyá àgbà kan lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọ̀la, tó mú ọ̀pá lọ́wọ́, tó ń mí sókè sódò, ẹ má ṣe béèrè pé àwọn ọmọ rẹ̀ dà. Ẹ kí i pé, “Màmá, ẹ kú ìrìn o.”

Ire o.